Bí A Ṣe Ń Ṣètò Àjọ̀dún Oúnjẹ fún Irè Oko Àdúgbò

Inú oko ni ó yẹ kí ètò àjọ̀dún irè oko ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó yan ọjọ́, kí ẹ tó kọ orúkọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì tó gba ẹnikẹ́ni láàyè láti ya àwòrán sára aṣọ, ẹ tọ àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n ń gbin irè náà lọ, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta péré: ìgbà wo ni irè yìí máa ń dùn jù, báwo ni èyí tí ẹ lè kó jáde ní ọjọ́ kan ṣoṣo ṣe pọ̀ tó, kí ni ẹ̀yin fúnra yín sì máa ń fi sè nílé? Ìdáhùn wọn ni yóò sọ bí àjọ̀dún náà yóò ti tóbi tó, oṣù tí yóò bọ́ sí, àti ohun tí yóò wà nínú abọ́. Mo ti lọ sí àjọ̀dún tí wọ́n fi orúkọ irè oko kan pè, tí àwòrán irè náà wà lára gbogbo pátákó, ṣùgbọ́n tí mo rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn pápá láìrí ẹyọ kan rẹ̀ rà. Àríyá lásán ni irú èyí. Kò burú kí ènìyàn ṣe àríyá, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi orúkọ irè oko bò ó lórí.

Nítorí náà, ìlànà kan ni mo ń fi wọn gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín: irè oko ni ọlọ́jọ́, àgbẹ̀ tí ó gbìn ín ni òbí ọlọ́jọ́. Ìpinnu yòówù tí kò bá bu ọlá fún àwọn méjèèjì, ẹ fura sí i.

Irè wo ni ó tó ṣe àjọ̀dún fún?

Irè tí ó yẹ ni èyí tí àwọn ará àdúgbò ń gbìn ní ti òótọ́, tí ó pọ̀ tó láti jẹ àti láti tà ní ọjọ́ kan náà, tí ènìyàn sì lè sè ní ọ̀nà márùn-ún ó kéré tán. Èyí tí ó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ni ó ń rà á, tí kò sí ẹni tí ó ń sè é nílé, yóò fún yín ní iṣẹ́ púpọ̀, nítorí pé ẹ óò kọ́kọ́ kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń jẹ ẹ́ kí wọ́n tó lè bá yín yọ̀.

Ẹ jẹ́ olóòótọ́ nípa ibi tí irè náà ti wá. Ìlú Menton ní gúúsù ilẹ̀ Faransé ti ń ṣe àjọ̀dún lẹ́mọ́ọ̀nù láti 1934, wọ́n sì ń fi lẹ́mọ́ọ̀nù àti ọsàn kọ́ ère ńláńlá, tí wọ́n ń fi rọ́bà de èso náà mọ́ igi àti wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èso tí iṣẹ́ yìí ń gbà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ fi ń ti ilẹ̀ Sípéènì wá, nítorí pé igi lẹ́mọ́ọ̀nù tí ó wà ní Menton kò lè so ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Lẹ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n gbìn ní Menton gan-an ní òǹtẹ̀ tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ìṣọ̀kan Yúróòpù láti 2015, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ojúlówó lè fi òǹtẹ̀ náà dá a mọ̀. Bí tiyín náà kò bá tó, tí ẹ sì ní láti rà kún un láti ibòmíràn, ẹ kọ ọ́ sí pátákó kékeré níwájú ìsọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ti àgbẹ̀ àdúgbò dá dúró lórí àtẹ tirẹ̀. Ẹni tí a sọ òótọ́ fún kì í bínú. Ẹni tí ó bá dé ilé kí ó tó mọ̀ ni kì í padà wá lọ́dún tí ń bọ̀.

Ọjọ́ àjọ̀dún

Àwa ènìyàn ń fẹ́ kí ọjọ́ ayẹyẹ bọ́ sí Sátidé, ṣùgbọ́n irè oko kò mọ Sátidé. Lójú ẹni tí ó ń ṣètò àjọ̀dún, oríṣi méjì ni irè oko pín sí: èyí tí ó ń dúró deni àti èyí tí kì í dúró. Àgbàdo tútù kì í dúró. Láti wákàtí tí a bá ti ya á ni ṣúgà inú rẹ̀ ti ń di sítáàṣì, ìdí nìyí tí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ya láàárọ̀ fi ń dùn ju èyí tí ó ti sùn nínú àpò lọ. Máńgòrò tí ó pọ́n náà kì í dúró. Ṣùgbọ́n àlùbọ́sà, elégédé, pòtétò àti aáyù ń dúró, kódà aáyù ń fẹ́ kí a sá òun síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí tí oòrùn kò sì pa á, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí a bá hú u, kí èèpo rẹ̀ tó gbẹ dáadáa.

Ìlú Bern ní ilẹ̀ Switzerland mọ ìyàtọ̀ yìí lò. Ọjọ́ Ajé kẹrin nínú oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ná ọjà àlùbọ́sà wọn lọ́dọọdún, ìgbà tí òtútù ti dé, tí ìkórè sì ti parí tipẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ti sá àlùbọ́sà náà, wọ́n ti fi ewé rẹ̀ gbígbẹ dì í mọ́ra wọn bí ẹni ń di irun, pupa àti funfun àti àwọ̀ ilẹ̀ ń tẹ̀lé ara wọn, wọ́n sì ń tà á ní ìdì ìdì láti ìdájí. Irè tí ó ń dúró fún wọn láàyè láti yan ọjọ́ tí kò yí padà, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ sórí.

Bí tiyín bá jẹ́ èyí tí kì í dúró, ẹ kéde ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ṣeé ṣe kí ó bọ́ sí, kí ẹ má tíì dárúkọ ọjọ́. Ẹ yan àgbẹ̀ kan tí yóò máa fi bí oko ti rí tó yín létí ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ wá kéde ọjọ́ gan-an nígbà tí ó bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tí ó ń ya ìlù àti tẹ́ńtì fún yín lè ráhùn, ẹ sì lè san díẹ̀ lé e nítorí àìdánilójú náà, ṣùgbọ́n owó yẹn kéré sí ìtìjú àjọ̀dún máńgòrò tí máńgòrò ti tán lórí igi.

Àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ náà

Ní 1903, olórí ìlú Circleville ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, George Haswell, to elégédé àti pòròpórò àgbàdo sí iwájú ibi iṣẹ́ rẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè wá wò ó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti inú àfihàn kékeré yẹn ni àjọ̀dún elégédé ìlú náà ti dàgbà di èyí tí ń fa ogunlọ́gọ̀ wá títí di òní. Mo ń mẹ́nu bà á nítorí pé àwọn ìgbìmọ̀ tuntun fẹ́ràn láti fi ọdún kìíní ṣe bí ẹni tí ó ti ń ṣe é fún ogún ọdún. Ọdún kìíní tí ó dára ni pápá kan, ìsọ̀ mẹ́wàá sí márùndínlógún, wákàtí mẹ́fà, àti oúnjẹ tí ó tó.

Ènìyàn márùn-ún tó fún ìgbìmọ̀: alága, akápò, ẹni tí ó ń bójú tó pápá, ẹni tí ó ń bójú tó ìdáná, àti aṣojú àwọn àgbẹ̀. Ti aṣojú àgbẹ̀ yìí, kí ó ní ẹ̀tọ́ ìdìbò bíi ti àwọn tó kù, kí ìpàdé sì máa wáyé ní wákàtí tí ó ti oko dé. Mo ti rí ìgbìmọ̀ tí ń pàdé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe kàyéfì pé àgbẹ̀ kì í wá.

Yàtọ̀ sí ìgbìmọ̀, ẹ óò nílò àwọn tí yóò yọ̀ǹda ara wọn lọ́jọ́ náà, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ àjọ̀dún ti ń dá. Ìlú Gilroy ní ìpínlẹ̀ California bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún aáyù ní 1979, lẹ́yìn tí Rudy Melone, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbẹ̀, kà nípa Arleux, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Faransé tí ń fi aáyù rẹ̀ yangàn. Wọ́n rí ọgbọ́n kan dá sí ọ̀rọ̀ àwọn olùyọ̀ǹda: èrè àjọ̀dún ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò, ìpín ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń tẹ̀lé wákàtí tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bó aáyù fún wákàtí mẹ́rin mọ̀ pé wákàtí mẹ́rin náà yóò di owó fún ẹgbẹ́ tí òun fẹ́ràn. Mi ò tíì rí ètò tí ó sàn ju èyí lọ. Ohun tí ó gbà kò ju ìwé kan tí a ti ń kọ orúkọ, ẹgbẹ́, àkókò tí ẹni náà dé àti àkókò tí ó lọ.

Owó, ìwé àṣẹ àti ewu

Owó àjọ̀dún máa ń jáde kí ó tó wọlé. Pápá, omi, tẹ́ńtì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti iná ni ẹ óò sanwó fún kí ẹnikẹ́ni tó ra abọ́ oúnjẹ kan. Ẹ kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀, kí ẹ wá bi ara yín pé, bí òjò bá rọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, ta ni yóò san án? Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn, ẹ dín ètò náà kù títí ẹ óò fi rí i. Onígbọ̀wọ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé orúkọ onígbọ̀wọ́ kò ní ga ju orúkọ irè oko lọ lórí pátákó, àti pé ọjà rẹ̀ kò ní gba ipò ọjà àgbẹ̀.

Ní ti owó ilẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ àwọn olóúnjẹ, kí ẹ má gbà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí ó kó irè rẹ̀ wá. Kí iye tí olóúnjẹ yóò san jẹ́ iye kan pàtó, nítorí pé gbígba ìpín nínú èrè rẹ̀ ń fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ àpò ènìyàn, ìjà ni ó sì ń bí. Àdéhùn tí ó ṣe pàtàkì ju owó lọ ni pé olóúnjẹ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní oúnjẹ kan, ó kéré tán, tí irè náà jẹ́ gbòógì nínú rẹ̀, kí ó sì ra irè náà lọ́wọ́ àgbẹ̀ àdúgbò pẹ̀lú rìsíìtì tí yóò fi hàn yín. Ẹ ṣàkíyèsí pé mo sọ pé gbòógì: wíwọ́n ọn díẹ̀ sórí ìrẹsì kò tó.

Ẹ tètè wá ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ tí ọ̀rọ̀ pápá, ìlera, iná àti ààbò kàn, kí ẹ sì béèrè nípa adójútòfò nígbà kan náà. Àjọ̀dún Gilroy tí mo mẹ́nu bà dàgbà títí ó fi lókìkí káàkiri ayé. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje 2019, ọkùnrin kan gé wáyà ọgbà wọlé, ó sì yìnbọn pa ènìyàn mẹ́ta. Àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19 tẹ̀lé e, nígbà tí ó sì di 2022, àwọn olùṣètò kéde pé àwọn dá àjọ̀dún náà dúró, ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wọn ní ti adójútòfò sì wà lára ìdí tí wọ́n sọ. Ó di 2025 kí ó tó padà, ní ìwọ̀n tí ó kéré sí ti àtijọ́ gan-an. Bí ayẹyẹ ti ń tóbi ni ohun tí yóò ná yín láti dáàbò bo àwọn ènìyàn ń pọ̀ sí i, ẹ sì gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ìṣirò kí ẹ tó pinnu pé ọdún yìí ni ẹ óò pe gbogbo ayé.

Irè mélòó ni yóò tó?

Ìṣirò yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fojú díwọ̀n, òun náà ni ó sì máa ń já wọn kulẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é papọ̀. Ká ní ẹ ń retí ènìyàn 1,500, tí ẹ sì rò pé abọ́ 600 nínú oúnjẹ kan ni yóò tà. Bí abọ́ kọ̀ọ̀kan bá gba gíráàmù 200 irè tí a ti bó, kílò 120 nìyẹn. Ṣùgbọ́n èèpo wà, èyí tí ó jẹrà wà, èyí tí ó bọ́ sílẹ̀ náà wà. Bí àwọn wọ̀nyí bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ẹ rà, kílò 160 ni ẹ gbọ́dọ̀ kó wọlé kí kílò 120 tó dé inú ìkòkò. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu mọ ìdá tí ń ṣòfò: ẹ wọn kílò mẹ́wàá, ẹ bó o, ẹ tún un wọ̀n. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, nọ́ńbà tí ẹ bá rí yóò sì wúlò fún yín fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Irè tí àwọn ènìyàn yóò rà lọ sílé yàtọ̀ sí èyí, kí ẹ má jẹ́ kí àwọn alásè fọwọ́ kàn án. Mo ti dúró rí níwájú ìsọ̀ àgbẹ̀ kan nígbà tí alásè sáré dé láti ra gbogbo ohun tí ó kù lórí àtẹ, nítorí pé ìkòkò tirẹ̀ ti gbẹ ní aago kan ọ̀sán. Àgbẹ̀ náà tà á, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, àtẹ òfìfo ni àwọn àlejò ń bá.

Ohun kan tún wà tí ó ń dín òfò kù tí ó sì ń mú inú àwọn ènìyàn dùn: ẹ jẹ́ kí abọ́ kéré. Ẹni tí ó bá jẹ abọ́ ńlá kan ní ìsọ̀ àkọ́kọ́ ti yó, ó ti parí àjọ̀dún tirẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ ìwọ̀n ìtọ́wò ní owó tí kò pọ̀ yóò rìn dé ìsọ̀ márùn-ún, yóò sì lè bá ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jiyàn èyí tí ó dùn jù.

Ìdáná tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára

Ibí yìí ni n óò ti pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ilé ìdáná orí pápá yàtọ̀ sí ti inú ilé. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe kedere: kí oúnjẹ tí a sè gbóná dé 70°C nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí èyí tí a fẹ́ bù fún ènìyàn ní gbígbóná má lọ sílẹ̀ ju 60°C lọ, kí èyí tí ó tutù wà ní ìsàlẹ̀ 5°C, kí oúnjẹ tí a ti sè má sì wà lórí tábìlì lásán ju wákàtí méjì lọ. Ẹ ra tẹmómítà tí a ń fi gún oúnjẹ, ó kéré tán ọ̀kan fún ìsọ̀ mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹni tí ó ń bójú tó ìdáná máa rìn kiri pẹ̀lú ìwé kan, kí ó máa kọ ohun tí ó bá kà sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Ìwé yẹn yóò gbà yín bí ẹnìkan bá padà wá sọ pé inú run òun.

Irè kọ̀ọ̀kan tún ní ewu tirẹ̀, ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣe àjọ̀dún fún un ni ó sì yẹ kí ó mọ̀ ọ́n jù. Ẹ̀wà pupa tí ó rí bí kíndìnrín ní májèlé kan nínú tí ń mú kí ènìyàn máa bì tí a kò bá sè é dáadáa. Kí a rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí 12 ó kéré tán, kí a da omi náà nù, kí a sì fi omi tuntun sè é kí ó hó kíkankíkan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán. Iná tí ó rọra ń jó, tí kò jẹ́ kí omi hó, kò lè pa májèlé náà. Pòtétò tí ara rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, tàbí tí ó ti hù, ní májèlé tí sísè kì í mú kúrò, nítorí náà ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gẹ́ tí ó korò gbọ́dọ̀ gba gbogbo ìtọ́jú rẹ̀, rírin, fífún, rírẹ àti sísè, kí májèlé inú rẹ̀ tó lọ.

Aáyù tí kò pa ẹnikẹ́ni lára nínú ìkòkò lè ṣe ewu ńlá nínú ìgò òróró. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ń gbé inú ilẹ̀ tí ó sì ń bá aáyù wọlé. Bí a bá ti rì í sínú òróró níbi tí atẹ́gùn kò dé, tí a sì fi í sílẹ̀ láìsí òtútù, yóò bẹ̀rẹ̀ sí pèsè májèlé tí ń rọ iṣan ènìyàn. Ní 1985, ní ìlú Vancouver ní Kánádà, ènìyàn 36 ni irú aáyù inú òróró bẹ́ẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta aáyù nínú òróró tí ó ṣe nílé ní àjọ̀dún yín, ẹ sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé kò ṣeé ṣe.

Ẹ rántí àwọn tí ara wọn kò gba oúnjẹ kan. Ẹ̀pà, ẹyin, mílíìkì, ẹja, edé, sòyà, wíìtì àti àwọn èso oníkarawun ni kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ sí pátákó bí wọ́n bá wà nínú oúnjẹ rẹ̀, àti òróró tí wọ́n fi dín in. Kí ẹni tí ń bu oúnjẹ mọ ìdáhùn sórí; kò tó kí ó sọ pé òun rò pé kò sí.

Ní ti iná, kí sílíńdà gáàsì dúró ní òró, kí ó wà ní ẹ̀yìn ìsọ̀ níbi tí ọmọdé kò lè dé. Omi ọṣẹ ni a fi ń yẹ ìsopọ̀ rẹ̀ wò: ẹ fi kàn-ìnkàn-ìn pa á, bí ìfóòfó bá ń yọ, gáàsì ń jò nìyẹn. Kí ìsọ̀ tí ń dín nǹkan ní ọmọrí irin tí ó tó agbada rẹ̀, nítorí pé òróró tí ó gbiná kì í gba omi. A óò pa iná tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, a óò sì dé e pa. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí tẹ́ńtì, níbi tí atẹ́gùn yóò ti gbé èéfín rẹ̀ lọ.

Títo pápá

Ẹ rìn pápá náà ní wákàtí tí àjọ̀dún yóò wáyé, kí ẹ rí ibi tí oòrùn ń pa sí àti ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Kí ìsọ̀ àwọn àgbẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà gan-an, tí ẹni tí ó ń wọlé yóò kọ́kọ́ rí, tí ẹni tí ó ń jáde yóò sì tún gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí ó ti tọ́ oúnjẹ wò, tí ó sì ń ronú ohun tí òun yóò sè lọ́la. Ọ̀pọ̀ olùṣètò máa ń fi orin sí ibẹ̀, àwọn ènìyàn á sì dí ọ̀nà. Kí orin wà ní ìkángun kejì. Ẹ fi ọ̀nà kan sílẹ̀ tí ọkọ̀ aláìsàn àti ti panápaná lè gbà dé àárín pápá, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni to àga sí i, ìbáà ṣe onígbọ̀wọ́. Kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jìnnà sí ìdáná, kí ìjókòó àti ìbòji sún mọ́ ìdáná. Ike omi tí ó ní ẹnu ẹ̀rọ, pẹ̀lú ọṣẹ, wà ní ibi méjèèjì.

Lọ́jọ́ náà

Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń mú àjọ̀dún irè oko yàtọ̀ sí ọjà. Ẹ fi tábìlì kan sí ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, kí àgbẹ̀ kan jókòó síbẹ̀ láti máa fi bí a ti ń yan irúgbìn, bí a ti ń dì í, tàbí bí a ti ń mọ èyí tí ó gbó hàn wọ́n. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn èyí ju bí àgbàlagbà ti rò lọ, pàápàá bí ẹ bá fún wọn ní irúgbìn kan nínú ìkòkò ilẹ̀ kékeré láti gbé lọ sílé.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìdíje oúnjẹ, kí abọ́ kọ̀ọ̀kan wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà láìsí orúkọ, kí àwọn adájọ́ má ju mẹ́ta sí márùn-ún lọ, kí wọ́n máa mu omi láàárín abọ́ kan àti òmíràn, kí ó sì hàn sí gbogbo ènìyàn ṣáájú pé adùn irè náà gan-an ni ó ń gba máàkì jù. Bí ó bá jẹ́ ìdíje irè tí ó tóbi jù, ẹ yẹ òṣùwọ̀n wò lójú gbogbo ènìyàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: omi lítà 20 wọn kílò 20, nítorí náà, bí ẹ bá kọ́kọ́ gbé kéègì òfìfo lé e, tí ẹ sì tún gbé e lé e lẹ́yìn tí ẹ ti pọn omi lítà 20 sí i, ìyàtọ̀ tí ẹ rí gbọ́dọ̀ jẹ́ kílò 20. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni èyí ń gbà, ó sì ń pa ẹnu àríyànjiyàn mọ́ ní gbogbo ọjọ́ náà.

Kí ọ̀rọ̀ ìkíni kúrú. Bí ẹnìkan bá gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ pẹ́, kí ó jẹ́ àgbẹ̀ tí ó ti gbìn ín pẹ́ jù.

Lẹ́yìn tí tẹ́ńtì bá wólẹ̀

Ẹ san owó àwọn àgbẹ̀ kí ẹ tó san ti ẹnikẹ́ni mìíràn, ní ọjọ́ náà gan-an bí ó bá ṣeé ṣe. Irè tí a kò tíì sè tí ó kù, ẹ fi ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń bọ́ àwọn aláìní, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ó ti pẹ́ lórí tábìlì, ẹ dà á nù láìkáàánú. Èèpo àti ewé, tí ẹ bá ti ní àgbá tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti àárọ̀, yóò padà sí oko láti di ajílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí akápò ka owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sí etígbọ̀ọ́ gbogbo àdúgbò, kí ó sì lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á.

Kí ìgbìmọ̀ tún jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì gbóná, pẹ̀lú ìwé kan tí a óò kọ nǹkan kéékèèké sí: aago tí irè tán ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ibi tí ìlà ti gùn jù, ohun tí àwọn ènìyàn béèrè tí kò sí, iye kílò tí a rà àti iye tí ó ṣòfò. Láti inú ìwé yìí ni lẹ́tà kan yóò ti jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, tí yóò sọ iye tí àjọ̀dún tí ń bọ̀ yóò rà lọ́wọ́ wọn, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbìn. Aáyù ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, fún àpẹẹrẹ, ìgbà tí ewé ń wọ́ ni wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀, tí wọn kì í sì í hú u títí oòrùn ọdún kejì yóò fi mú, ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Bí àjọ̀dún bá parí ní àsìkò ìkórè, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni ẹ ní láti kọ lẹ́tà náà.